Àrùn Tí A Fi Ń Lé Àrùn: Ìwòsàn Titun fún Kókó Inú Ọpọlọ

Ẹ̀gún ni a fi ń yọ ẹ̀gún: bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé ẹnikẹ́ni bí ó ti yé àgbẹ̀. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí ó funfun bí ẹfun wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń ṣù mọ́ orí ẹ̀gẹ́ níbi tí ewé titun ti ń yọ, ó ń fa omi rẹ̀ mu, ó sì ba oko púpọ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ dé ilẹ̀ ìbí rẹ̀, a sì rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay, tí ń yé ẹyin rẹ̀ sí inú ara kòkòrò yìí, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ láti inú wá. A há agbọ́n náà mọ́, a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí a tó tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1981. Báyìí ni a fi kòkòrò ṣẹ́gun kòkòrò.

Ohun mẹ́ta ni ó mú iṣẹ́ náà yọrí. Èkíní, a mọ ọ̀tá tí ó tọ́. Èkejì, a dán an wò kí a tó lò ó. Ẹ̀kẹta, a mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Irú ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn ń lò nísinsìnyí sí àrùn jẹjẹrẹ tí ń hù nínú ọpọlọ, ó sì yẹ kí gbogbo onílé ní Ìjàrà-Ìsin àti ní ìlú gbogbo mọ bí ó ti rí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òfegè tàn wọ́n jẹ.

Ara ènìyàn kún fún àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní ìgbà tí ó ń dẹ́kun bíbí sí i. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọ̀kan a kọ òfin sílẹ̀, a sì máa bí sí i láìdúró, títí yóò fi di kókó. Èyí tí ó burú jù nínú àwọn tí ń hù láti inú ọpọlọ àgbàlagbà ni èyí tí à ń pè ní glioblastoma. Ó dàbí koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀: bí a gé orí rẹ̀, yóò tún hù ní ẹ̀gbẹ́. Oníṣègùn kò sì lè gbẹ́ gbogbo gbòǹgbò náà jáde, nítorí pé nínú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn àti ìrántí wà. Bí a tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tí a fi ìtànṣán sun ún, tí a sì fún aláìsàn ní oògùn, ìdajì àwọn tí ó ní i ni ó ń kú kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé.

Ọ̀rọ̀ ìyanu kan ti ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní ọdún 1971. Àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Uganda kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí jẹjẹrẹ tí à ń pè ní Burkitt wú ní ojú rẹ̀. Èéyi, ìgbóná tí ń sú ọmọdé lára, mú ọmọ náà; bí èéyi náà sì ti ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìwú náà ń fà sẹ́yìn, láìjẹ́ pé a fún un ní oògùn jẹjẹrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí wá èéyi kiri! Èéyi yìí kan náà ti pa ọmọ púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ rí kọ́ ni pé àwọn kòkòrò àrùn kan wà, tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, tí wọ́n lè pa jẹjẹrẹ; ohun tí ó kù ni kí a yọ eyín wọn, kí wọn má baà bu ara tí ó dá jẹ. Ní ọdún 1991 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tí a ti tún dá wo kókó ọpọlọ lára eku, ó sì pa á.

Ọ̀mọ̀wé Matthias Gromeier ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà yàn fáírọ́ọ̀sì àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, ìlẹ̀kùn náà sì pọ̀ gidigidi lára jẹjẹrẹ ọpọlọ. Irú rẹ̀ tí a ti sọ di aláìlágbára fún àjẹsára ni ó mú, ó sì yọ apá kan nínú rẹ̀, ó fi apá kan ti fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn dípò, kí ó má baà lè bí sí i nínú iṣan ọpọlọ tí ó dá. A lu ihò kékeré sí agbárí aláìsàn, a sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kán an sínú kókó náà díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà ń ba jẹjẹrẹ jẹ́, ó sì ń ké sí àwọn ọmọ ogun ara, tí jẹjẹrẹ ti tàn sùn, pé kí wọn dìde.

Ènìyàn 61 tí kókó wọn ti padà lẹ́yìn ìwòsàn ìṣáájú ni ó gbà á láàrin ọdún 2012 àti 2017. Àbájáde rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 2018 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 21 nínú 100 wọn ṣì wà láàyè. Nínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ti ìgbà ìṣáájú tí kò gbà á, 4 péré nínú 100 ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ àwọn kan wú, ẹ̀jẹ̀ sì ya nínú orí ẹnìkan, a sì ní láti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù.

Ní ilẹ̀ Japan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tomoki Todo ti Yunifásítì Tokyo lo fáírọ́ọ̀sì tí ń mú kí egbò kéékèèké sú sí ètè, lẹ́yìn tí a ti yí i padà ní ọ̀nà mẹ́ta. A gún un sínú kókó àwọn aláìsàn 19, títí dé ìgbà mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún kan, 84 nínú 100 wọn wà láàyè. Ṣùgbọ́n kí ọdún méjì tó pé, ó ju ìdajì wọn lọ tí ó ti kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba Japan fún un ní àṣẹ onígbà díẹ̀, pé kí a máa lò ó, kí a sì máa ṣọ́ ọ. Oun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé tí ó gba àṣẹ fún kókó ọpọlọ.

Nítorí náà, ìrètí ni èyí, kì í ṣe òpin àrùn náà. Ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni a ti lè ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ìgò wá sí ọjà pé òun ní fáírọ́ọ̀sì tí ń pa jẹjẹrẹ, elétàn ni.

Síbẹ̀, ilẹ̀ wa kò ṣófo. Ní ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Áwẹ́, tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ó kú ní ọdún 1974, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Kókó ọpọlọ mìíràn wà tí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, tí iṣẹ́ abẹ nìkan lè mú kúrò, bí aláìsàn bá tètè dé.

Àwọn àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: orí fífọ́ tí ń le sí i lójoojúmọ́, pàápàá ní òwúrọ̀, pẹ̀lú èébì, gìrì tàbí wárápá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára àgbàlagbà, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tí ń kú lọ, ojú tí ń ṣú, ọ̀rọ̀ tàbí ìwà tí ó yí padà láìnídìí. Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni kókó, nítorí ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá rí àmì wọ̀nyí, kí a má ṣe wí pé ọ̀tá ni ó ṣe é, kí a sì fi oṣù ṣòfò. Kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán, kí wọn lè darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìlọrin tàbí sí Ìbàdàn, níbi tí a ti lè ya àwòrán inú orí rẹ̀.

Kí àwọn òbí sì fi èyí pamọ́ sí ọkàn: àwọn aláìsàn ti Duke gba àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ná, kí a tó kán fáírọ́ọ̀sì sí ọpọlọ wọn, kí ó má baà tàn dé ibòmíràn nínú ara. Àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó lé àrùn náà ti ìgbẹ́ kúrò ní Nàìjíríà, tí a fi kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀gún yọ ẹ̀gún, kí ó kọ́kọ́ wọ bàtà.