Ìràwọ̀ Onírù: Òkò Tó Ń Fò Lójú Ọ̀run

Ìrù ni gbogbo ènìyàn máa ń wò lára ìràwọ̀ onírù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1986, ọkọ̀ òfuurufú Giotto tí àwọn ará Yúróòpù rán jáde kọjá lẹ́bàá onírù tí wọ́n ń pè ní Halley, ó sì ya fọ́tò orí náà. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ dúdú ju èédú lọ. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 15, ìbú rẹ̀ sì tó 8. Yìnyín, eruku àti òkúta ló dì pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí onírù bá wà lókèèrè, kò ní ìrù kankan. Bó bá sún mọ́ oòrùn ni yìnyín ara rẹ̀ ń di gáàsì, tí eruku ń tú jáde, tí ìtànṣán oòrùn àti atẹ́gùn tó ń ti ara oòrùn fẹ́ wá sì ń gbá wọn lọ. Ìdí nìyí tí ìrù náà kì í fi kọjú sí oòrùn láé. Bí onírù bá ń padà lọ, ìrù ni í ṣíwájú, orí a sì máa tẹ̀ lé e.

Ìrù yìí lè gùn tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kìlómítà, ṣùgbọ́n kò lágbára kankan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1910, ìròyìn kàn pé ayé máa gba inú ìrù Halley kọjá, àti pé gáàsì olóró wà nínú rẹ̀. Ìpayà bá àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń ta oògùn tí wọ́n ní yóò gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ pé, ó kọjá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lára.

Ti orí yàtọ̀. Agbára ìfà Júpítà ti kọ́kọ́ fa onírù Shoemaker-Levy 9 ya sí wẹ́wẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1994, àwọn èérún náà bẹ̀rẹ̀ sí í já lu Júpítà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tán. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 2 lọ, síbẹ̀ àpá dúdú tó dá sára Júpítà fẹ̀ tó ilé ayé wa.

Ǹjẹ́ irú rẹ̀ lè dé bá wa? Orí onírù Swift-Tuttle fẹ̀ tó kìlómítà 26. Nígbà tó padà wá ní 1992, onímọ̀ ìràwọ̀ Brian Marsden ní ó ṣeé ṣe kó kọ lu ayé ní 2126. Wọ́n tún ìṣirò ṣe, wọ́n fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà tì í lẹ́yìn, ó sì hàn pé kò ní kàn wá. Eruku rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, tó ń jó lójú ọ̀run ní àárín oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún.

Òkò tí ẹyẹ bá rí kì í pa ẹyẹ. Àpáta òfuurufú ń já lu ayé ju onírù lọ dáadáa, àpáta sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó pa àwọn dáínósọ̀ run ní mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpáta wọ̀nyí ni a lè tọ ipa wọn fún ọdún pípẹ́. Onírù tó ti ibi jíjìn réré bọ̀ kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n rí onírù NEOWISE. Nígbà tí oṣù Keje máa fi parí, ó ti kọjá lọ́dọ̀ wa. Ọpẹ́ ni pé ó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 103 jìnnà sí wa. Òkúta Dimorphos tí NASA fi ọkọ̀ kọ lù ní 2022 láti yí ìrìn rẹ̀ padà kò ju nǹkan bíi mítà 160 lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi múra rẹ̀. Kí ni oṣù mẹ́rin fẹ́ ṣe sí èyí tó fẹ̀ ní kìlómítà?

Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, kò sì yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Owó tí wọ́n ń ná sórí awò awọ̀nàjíjìn ńláńlá, bíi Vera Rubin tó wà lórí òkè ní Chile, ló lè sọ oṣù mẹ́rin di ọ̀pọ̀ ọdún.