Ọ̀dà kándì lára àwòṣe ọkọ̀

Ọ̀dà kándì jẹ́ irú ọ̀dà dídán kan tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń jinlẹ̀, tó sì máa ń kọ mànà bí ẹni pé wọ́n da ṣúgà yíyọ́ lé irin lórí. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní California, ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di olókìkí ní àwọn ọdún 1950. Joe Bailon ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó mú oríṣi pupa rẹ̀ jáde. Èso ápù tí wọ́n rì bọ inú ṣúgà pupa ni wọ́n fi sọ pupa náà lórúkọ. Lónìí, àwọn tó ń to àwòṣe kékeré ọkọ̀ àti alùpùpù náà ń lò ó.

Bí àwọ̀ náà ṣe ń wáyé

Ọ̀dà lásán máa ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kándì kì í bò ó. Ìpele mẹ́ta ló ní: ọ̀dà onífàdákà tàbí oníwúrà nísàlẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá láàárín, àti ọ̀dà dídán aláìláwọ̀ lókè. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú àwọ̀ wọlé, á kan fàdákà, á sì tún gba inú àwọ̀ kan náà jáde. Ìdí nìyí tí gbogbo ìfọ́n tuntun fi ń mú àwọ̀ náà ṣú sí i.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró ní Òṣogbo kò ní ka èyí sí àjèjì, torí iye ìgbà tí a rẹ aṣọ ló ń sọ bí yóò ṣe dúdú tó. Ṣùgbọ́n aṣọ máa ń rì sínú aró pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé kándì kiri. Ibi tí ọwọ́ bá pẹ́ sí yóò ṣú. Nítorí náà, kíka iye ìfọ́n ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ nínú iṣẹ́ yìí. Bí ilẹ̀kùn bá gba márùn-ún, tí ara ọkọ̀ sì gba mẹ́fà, ojú yóò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè lẹ ibi tó bá ha: ọ̀dà tí a fi tún un ṣe yóò di àbààwọ́n tó ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ó sàn kí a fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Pupa lórí wúrà máa ń gbóná bí ẹyin iná, ó sì máa ń tutù lórí fàdákà. Búlúù lórí wúrà máa ń fẹ́ di àwọ̀ ewéko. Fàdákà ló yẹ ẹ́.

Lára ohun kékeré

Nínú àwòṣe ìwọ̀n 1/24, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún sẹ̀ǹtímítà 24. Ọ̀dà onífàdákà ti mọ́tò gidi kò bá a mu, nítorí hóró alumíníọ́mù inú rẹ̀ yóò hàn bí òkúta wẹ́wẹ́. Èyí tí a lọ̀ kúnná ni a ń lò, lórí dúdú dídán tí kò ní ìhá kankan. Fún àwọ̀ àárín, iléeṣẹ́ Tamiya ti Japan ní ọ̀dà àkírílíìkì X-23 (búlúù), X-25 (àwọ̀ ewéko) àti X-27 (pupa). A ń fi airbrush fọ́n wọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ipa búrọ́ọ̀ṣì yóò hàn bí ilà.

Ojú ọjọ́ àti ewu

Ní agbègbè olójò bí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ọ̀rinrin lè ba iṣẹ́ jẹ́. Tínà tó ń yára gbẹ máa ń mú ojú ọ̀dà tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sí i lára, ọ̀dà á sì funfun bí ìkùukùu. Ọ̀sán tí oòrùn ràn ló dára. Ọyẹ́ kò ní ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ó ní eruku. Kí a fi àpótí bo àwòṣe títí yóò fi gbẹ.

Ọ̀dà dídán alápòpọ̀ méjì, irú èyí tí wọ́n ń fọ́n sára mọ́tò, ló le jù. Àmọ́ isocyanate wà nínú èròjà tó ń mú un le, ó sì lè fa ikọ́ fée tí ẹni náà lè máa bá yí fún ìyókù ayé rẹ̀. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá a dúró rárá. Ẹni tí kò bá ní ohun èlò ààbò èémí tó péye, kí ó lo ọ̀dà dídán aláìláwọ̀ ti àkírílíìkì. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó fi sáńpépà nọ́ńbà 2000 àti omi ha á díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi ọṣẹ ìdán mọ́tò nù ún. Etí ilẹ̀kùn àti igun orùlé ni kí ó yẹra fún, torí ọ̀dà tín-ín-rín níbẹ̀, sáńpépà a sì tètè kan fàdákà.