Wọ́n fẹ́ 'probe' ẹnìkan: ṣé ó ti di ọ̀daràn nìyẹn?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Inú ìdí yìí náà ni àwọn baba wa ti fa orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní 'investigation' yọ. Wá ìdí ni ó di wádìí, òun ló sì bí ìwádìí. Ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń wá, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí ó máa ń jáde lemọ́lemọ́ lórí rédíò àti lójú ìwé ìròyìn, èyí tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni 'probe'. Bí àwọn àgbà tó jókòó sábẹ́ igi bá ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ 'probe' kọmíṣánnà kan tàbí alága ìjọba ìbílẹ̀ kan, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́!" Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kò tíì tẹ ẹnikẹ́ni o.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbajúmọ̀ nílẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń tì bọ ojú ọgbẹ́ láti mọ bí ó ṣe jìn tó, àti bóyá ọta ìbọn ṣì wà nínú rẹ̀. Èdè Látìn ni orírun rẹ̀, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí a dán nǹkan wò. Irin yẹn kì í wo ọgbẹ́ sàn, kì í sì í sọ ẹni tó dá a sára ènìyàn. Kò ju kí ó sọ bí ọgbẹ́ ṣe rí lọ. Àwọn oníròyìn ló wá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà jù, nítorí pé lẹ́tà márùn-ún péré ni, nígbà tí 'investigation' jẹ́ mẹ́tàlá. Àkọlé ìròyìn kì í sì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

'Investigation' fúnra rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó jẹ mọ́ ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti mú un, bí ìgbà tí ọdẹ bá ń tẹ̀lé ipa ẹran nínú igbó. Àwa náà ń sọ pé a tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀, tàbí pé a tọpinpin rẹ̀. Ọdẹ tó rí ipa ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ kò tíì pa ẹran, kò sì yẹ kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé ìkòkò kaná. Ní ti 'inquiry', ìbéèrè ló dá lé lórí. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ìjọba bá gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀, tí adájọ́ sì jẹ́ alága rẹ̀, 'inquiry' ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú orúkọ rẹ̀.

Orúkọ kan wà ní Ìjàgun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tó yẹ kó máa rán àwọn ènìyàn létí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀. Ó di yunifásítì ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2025. Olóògbé Tai Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, ni wọ́n fi sọrí. Inú ọgbà yìí, ìwádìí ni iṣẹ́ ojoojúmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gboyè jáde láìkọ tirẹ̀. Òyìnbó ní 'research' fún irú ìyẹn, ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ni Yorùbá ń pè é.

Tai Ṣólàrín fúnra rẹ̀ mọ bí ìwádìí ṣe ń gbóná tó. Ariwo sọ káàkiri Nàìjíríà pé bílíọ̀nù méjì àti mílíọ̀nù ẹgbẹ̀rin náírà, 2.8 bílíọ̀nù, nínú owó epo rọ̀bì ti pòórá, Ṣólàrín sì wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà síta kíkankíkan. Ní 1980, Ààrẹ Shehu Shagari gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ Irikefe ti ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì ni alága rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Ṣólàrín pé kó wá fi ẹ̀rí hàn, kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tó lè gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ ló gbọ́. Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́, wọ́n ní àwọn kò rí owó kankan tó sọnù lọ́nà tí wọ́n ń wí. Títí di òní, àwọn àgbà kan ṣì wà tí kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò sí èéfín láìsí iná. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ro èrò tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ lójú ọ̀nà yàtọ̀ sí ẹ̀rí, ibi tí Yorùbá sì ti ń sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn, ìwádìí kò lè fi ariwo ọjà dájọ́.

Èyí tó kan mẹ̀kúnnù jù ni ti àgọ́ ọlọ́pàá. Gbólóhùn kan wà tí àwọn ọlọ́pàá máa ń sọ pé ẹnìkan "ń ràn wá lọ́wọ́ nínú ìwádìí". Ẹni tó bá mọ Nàìjíríà dáadáa mọ̀ pé inú àhámọ́ ni irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá wá sọ fún bàbá àgbẹ̀ kan pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé téṣàn, ìwádìí lásán ni," àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó mọ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi, àfi bí ilé ẹjọ́ bá sọ bẹ́ẹ̀. Abala 35 ní ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan títí tí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó fọkàn tán bá sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tó gbọ́. Èdè tó gbọ́ o! Bí Yorùbá nìkan ni bàbá gbọ́, wọn kò gbọdọ̀ fi gẹ̀ẹ́sì dà á lójú rú.

Ní ti iye ọjọ́, bí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e lọ síwájú adájọ́. Bí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí pé ó tọ́. Ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni kò sí lábẹ́ ètò yìí. Ìjàgun kò sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ilé ẹjọ́ wà.