Sankara ń ṣèpàdé ni, kò ṣe é tán: Ẹ̀kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì láti Ouagadougou

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1987, Thomas Sankara, olórí orílẹ̀-èdè Burkina Faso, ń ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní Ouagadougou nígbà tí àwọn sójà dé, tí ìbọn sì dún. Sankara kú, ẹni 12 mìíràn sì bá a lọ. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n kọ fún un sọ pé ikú àtọ̀runwá ló pa á.

Ọdún 34 kọjá kí ẹjọ́ náà tó dé kóòtù ológun ní ọdún 2021. Alouna Traoré, ẹnì kan ṣoṣo tó yè nínú àwọn tó jókòó sí ìpàdé náà, wá jẹ́rìí.

Bí ènìyàn bá fẹ́ gbé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, gírámà kúrò ní ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé nìkan. "They were holding a meeting when the soldiers came" túmọ̀ sí pé ìpàdé ń lọ lọ́wọ́, wọn kò tí ì parí rẹ̀, kí àwọn sójà tó já lù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "They held a meeting when the soldiers came", ohun tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò mú níbẹ̀ ni pé àwọn sójà dé, àwọn yòókù sì tìtorí bẹ́ẹ̀ pe ìpàdé. Ẹni tí wọ́n ká mọ́ orí ìjókòó ti di ẹni tó ráyè gbìmọ̀!

Èdè Yorùbá kúkú mọ ìyàtọ̀ yìí: "wọ́n ṣèpàdé" kọ́ ni "wọ́n ń ṣèpàdé". Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni pé "ń" tiwa kò bìkítà bóyá lónìí ni tàbí lánàá; Gẹ̀ẹ́sì ń bìkítà. Bó bá jẹ́ ti àná, "was" tàbí "were" gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí "-ing" sì gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe. Ohun tó wá já lu èyí tó ń lọ lọ́wọ́ ni a ó fi "came" tàbí "fired" sọ.

Ẹ má ṣe wá sọ gbogbo rẹ̀ di "-ing" o. Bí Yorùbá kì í ti í sọ pé "mo ń mọ̀ ọ́n lánàá", bẹ́ẹ̀ ni "I was knowing him" kò tọ̀nà.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹrin, ọdún 2022, kóòtù náà dájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére fún Blaise Compaoré, ẹni tó gorí àlééfà lẹ́yìn Sankara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọjú síbẹ̀. Ní ọdún 2024, òfin Burkina Faso sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé di èdè iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀: ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, wọn kò ṣe é tán.