Mọ Ibi Tí O Wà Kí O Tó Sáré Ọ̀nà Jíjìn

Ṣé o mọ̀ pé ìṣẹ́jú 12 péré tó láti mọ bí èémí rẹ ṣe gùn tó? Kenneth Cooper, dókítà ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, ló gbé ìdánwò eré ìṣẹ́jú 12 náà jáde lọ́dún 1968. Sáré títí aago yóò fi pé, kí o wọn ibi tí o dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fi iye mítà yẹn ṣírò ọ́síjìn tí ara rẹ lè lò? Yọ 504.9 kúrò, fi 44.73 pín ìyókù. Ẹni tó sá 2,400 mítà yóò rí bíi 42, ìyẹn mílílítà ọ́síjìn fún kìlógíráàmù ara kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Àfojúbù ni o! Ẹ̀rọ tó ń wọn èémí ló lè sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé Cláudio Coutinho fi ọ̀nà Cooper múra àwọn agbábọ́ọ̀lù Bràsíl sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ gba Ife Àgbáyé 1970 ní Mẹ́síkò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́?

Kò sí pápá ńlá ládùúgbò? Mítà 20 tó fún ìdánwò Luc Léger ará Kánádà: à ń sá lọ, à ń sá bọ̀, eré sì ń le sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí ẹsẹ̀ kò fi ní bá ohùn aago tó ń darí eré náà mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé "220, yọ ọjọ́ orí rẹ kúrò", tí wọ́n fi ń ṣírò ìlù ọkàn tó ga jù, kì í ṣe òfin? Ọkàn ẹni méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ogójì ọdún lè fi ìlù 20 ní ìṣẹ́jú kan ju ara wọn lọ níbi tí eré ti le jù. Èmi ò ní fi ṣètò eré ẹnikẹ́ni.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìwádìí HERITAGE ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn ní ìdárayá kan náà fún ọ̀sẹ̀ 20, agbára àwọn kan gòkè gan-an, tàwọn mìíràn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan? Ta ni ìwọ nínú wọn? Láìsí iye tí o rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o ò lè mọ̀. Torí náà, bí o bá fẹ́ tún ìdánwò rẹ ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, pápá kan náà ni, wákàtí kan náà. Iye tí o rí láàárọ̀ ọyẹ́ kò ṣeé fi wé ti ọ̀sán gangan.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò lè sáré náà ní ìdánwò tiẹ̀? Ìrìn ìṣẹ́jú 6 ni àwọn dókítà fi ń wọn agbára àwọn tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu.