Ọparun Lábẹ́ Dẹ́kìn, Irin Nínú Kọnkéré

Ẹni tó bá gba Ìsọlọ̀ wọ Òṣòdì yóò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó da kọnkéré sí dẹ́kìn, wọ́n á fi ọparun gbé abẹ́ rẹ̀ ró, wọ́n á sì to irin sínú rẹ̀. Bí kọnkéré bá ti le, wọ́n á yọ ọparun. Irin ò ní jáde mọ́ láé.

Oríṣi àwọ̀n méjì tí dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ìpá rí bẹ́ẹ̀. Ìpá ń yọ nígbà tí ẹran ìsàlẹ̀ ikùn bá rọ̀, tí ìfun gba ibẹ̀ yọ. Ẹrù wúwo, ikọ́ àti ìgbẹ́ líle ń dá kún un. Alábàárù ọjà Òṣòdì mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà kan, okùn nìkan ni wọ́n fi ń fa etí ihò náà pọ̀, ẹran á sì máa ro. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, dókítà kan tó ń jẹ́ Lichtenstein ní Los Angeles sọ fífi àwọ̀n bo ihò náà, láìfa ẹran le, di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Àwọ̀n polypropylene, ike tí kì í yọ́ ni: ẹran ń hù gba ojú rẹ̀ kọjá, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan. Àwọ̀n polyglactin ń yọ́ ní tirẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, agbára rẹ̀ ti tán. Kò ní pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ara á fi jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n àpá kì í lágbára tó ẹran tí a bí mọ́ni. Tó bá ku àpá nìkan, á máa fà díẹ̀díẹ̀, ìpá á sì padà. Dẹ́kìn tí kò nírin ni.

Síbẹ̀, àwọ̀n tó ń yọ́ ní ibi tó wúlò sí. Níbi tí ikùn bá ti dọ̀tí, tí ọyún tàbí ìgbẹ́ ti dà sí i, kòkòrò àrùn lè sá pamọ́ sára ike. Dókítà lè fi èyí tó ń yọ́ gbé ikùn ró títí ara á fi mọ́. Òótọ́ sì ni pé èyí tí kì í yọ́ lè fa ìrora tó ń pẹ́ lára àwọn kan.

Kò dìgbà tí àwọ̀n bá wọ́n kó tó dára. Ní Uganda, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016 lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti sè pa kòkòrò, wọ́n fi wé èyí tó wọ́n, lára ọkùnrin 302. Nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kan ṣoṣo ni ìpá padà sí lára.

Nítorí náà, má ṣe sọ pé èyí tó ń yọ́ lo fẹ́ nítorí ẹ̀rù ike nìkan. Bi dókítà rẹ bóyá ibi tó fẹ́ là mọ́, àti àwọ̀n wo ló fẹ́ lò àti ìdí rẹ̀. Bí ìpá bá sì le gbagidi, tó ń dunni, tí èébì tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.