ṢÚGÀ NÍBI WÒLÍMỌ̀ ÀTI LẸ́NU ÌṢÍNU



Níbi wòlímọ̀ àwọn ọmọ wa, kí ọmọ tó ka súrà rẹ̀ tán ni ìgò ẹlẹ́rìndòdò ti ń dúró dè é. Bí ó bá mu ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ á tún gbé ìkejì fún un. Ẹ jẹ́ kí á wo ara ìgò náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣúgà inú mìlílítà 100 jẹ́ gíráàmù 10, a jẹ́ pé ìgò 50cl gbé gíráàmù 50. Bí hóró ṣúgà kan bá wọn gíráàmù 4, ó lé ní hóró 12 nìyẹn. Ta ni nínú wa tí yóò ju hóró 12 sínú ife tíì kan? Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má tó gíráàmù 50 lójúmọ́, pé bí ó bá lè mọ ní 25, ó tún dára jù. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀.

Oyin wà nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú. A mọ ohun tí Súrà Nahl sọ nípa oyin, a sì gbà á, ṣùgbọ́n kò ní kí á máa dà á mu bí omi.

Ṣúgà inú ohun mímu kì í pẹ́ dé inú ẹ̀jẹ̀. Insulin ni ara fi ń kó o kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí a ó ti lò ó. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù a máa di ọ̀rá ní ikùn àti ẹ̀dọ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá pọ̀, insulin kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́, ṣúgà á wá jókòó sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà kan tí àtọ̀gbẹ ń gbà wọlé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìdílé náà wà níbẹ̀. (Láyé ìgbà tí a wà lọ́mọ kéwú, ẹsẹ̀ la fi ń gun òkè wa yìí. Ọ̀kadà ló ń gbé àwọn ọmọ báyìí.) Àtọ̀gbẹ a máa ba ojú àti kíndìnrín jẹ́, a sì máa kú ẹsẹ̀ débi pé èèyàn á tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Egbò kékeré ló gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ bàbá kan nínú jàmáà wa. Orí àga ló ti ń kírun báyìí.

Dàbínù ni Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ń ṣínu. Bí kò bá rí i, a máa mu omi. Níbi wòlímọ̀ tó ń bọ̀, omi tútù ni ilé-kéwú yóò gbé kalẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tó ń dìde tọ̀ lóru léraléra, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó rí dókítà kí oṣù Ràmàdáànì tó lé.